Iye Aláìsàn àti Ìwúwo Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ní èbúté Ìjẹ̀dẹ́, ní etí ọ̀sà níbi tí a ń gbé, kò sí atukọ̀ kan tí orí rẹ̀ pé tí yóò béèrè iye ẹrù tí a fẹ́ kó sínú ọkọ̀ rẹ̀ kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ iye rẹ̀ tán, ohun tí yóò béèrè tẹ̀lé e ni pé, kí ni ó wà nínú rẹ̀? Agbọ̀n ẹja gbígbẹ mẹ́wàá kò ní mú kí ọkọ̀ mì. Ṣùgbọ́n àpò yanrìn tútù mẹ́wàá lè mú omi wọ inú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní èbúté. Iye méjèèjì dọ́gba, ìwúwo wọn kò dọ́gba. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí pẹ̀lú mọ̀ pé kíláàsì ọmọ 40 tí wọ́n ti mọ ìwé kà kò lè jọ kíláàsì ọmọ 40 tí wọn kò tíì lè di gègé mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 40 ni ìwé orúkọ yóò fi hàn fún olùkọ́ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú wa gbé kálámù ni pé ohun tí atukọ̀ mọ̀, tí olùkọ́ sì mọ̀, kò tíì di ìlànà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí a bá ń pín àwọn nọ́ọ̀sì sí ẹnu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ni a ń kà. A ń ka orí àwọn tí ó dùbúlẹ̀, a sì ń yan nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àìsàn olúkúlùkù wọn ti wúwo tó, àti bí ìtọ́jú rẹ̀ yóò ti gba àkókò tó, a kì í sábà kọ ọ́ sí ibi tí ẹni tí ń pín iṣẹ́ yóò ti rí i. Nítorí èyí ni ẹ̀mí ẹlòmíràn fi ń bọ́ nígbà tí kò yẹ kí ó bọ́. Nítorí rẹ̀ náà ni ó fi ń rẹ àwọn nọ́ọ̀sì wa títí wọn yóò fi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ nínú ìjọ ni ó ń mú wa wọ ilé ìwòsàn nígbà gbogbo, ní Ìjẹ̀dẹ́ níhìn-ín, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, àti ní àwọn ibòmíràn tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti wọ wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀, a sì ti wọ̀ ọ́ ní ọ̀gànjọ́. Ní òru ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, nínú ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, a lọ wo baba àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni a bá ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin náà, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. A kí i pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn.” Ó dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú àbẹ̀wò.” A béèrè pé ènìyàn mélòó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru náà. Ó ní, “Wọ́n jẹ́ 23, sà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin ni ó gba gbogbo òru lọ́wọ́ mi.”

Àwọn mẹ́rin náà nìyí. Èkíní ni baba tí a wá wò, tí a gbọ́dọ̀ máa yí padà ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Èkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí a gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá rẹ̀ kí a sì máa wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀ léraléra. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ẹ̀kẹrin ni alátọ̀gbẹ kan tí iyè rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn 19 tí ó kù ń sùn. Àwọn kan nínú wọn ń dúró de ilẹ̀ mímọ́ kí a lè dá wọn sílẹ̀ lọ sí ilé.

Nọ́ọ̀sì náà wá yí baba padà, a sì bá a gbé e, nítorí pé baba sanra, ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí. Ibi tí a ti ń gbé e lọ́wọ́ ni aláìsàn kan ti kígbe ní ìhà kejì pé ara ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń gbọ̀n. Ẹni tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ni. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀,” ó sì sáré lọ. Ó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó pe dókítà, a sì gba ọkùnrin náà là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáradára. Ẹni tí ń ṣọ́ ọkùnrin yìí ní ìṣẹ́jú tí ewu dé kì í ṣe nọ́ọ̀sì; aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí oorun kò kùn. Bí ẹni náà bá ti sùn bí àwọn yòókù, kí ni à bá sọ ní òwúrọ̀? Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ìwé tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kò lè sọ ju èyí lọ: aláìsàn 23, nọ́ọ̀sì 1. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn 23 náà ń sùn jẹ́jẹ́ láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, ohun kan náà ni ìwé náà ì bá sọ.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni sùn. Ọmọbìnrin náà kò ṣe ohun tí kò tọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pín iṣẹ́ fún un kò ní ohun mìíràn tí yóò fi pín in ju iye lọ. Ohun tí ó ṣe aláìní ni òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n kì í ṣe ohun àjèjì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1854 ni Florence Nightingale dé Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì 38, láti tọ́jú àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ fìtílà tí ó ń gbé kiri ní òru. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ṣẹ́gun àwọn aláṣẹ ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ogun náà ni ìṣirò. Ó ka àwọn tí ó kú, ó kọ ohun tí ó pa olúkúlùkù wọn, ó sì yà á ní àwòrán ní ọdún 1858, tí ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò pàápàá fi lè rí i pé àwọn tí àrùn tí a lè dènà pa pọ̀ ju àwọn tí ọgbẹ́ ogun pa lọ fíìfíì. Ní 1860 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ọmọ wa Kofoworọla Abẹni Pratt wọ̀ ní ọdún 1946. Olùkọ́ ni kí ó tó di nọ́ọ̀sì: ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Nígbà tí ó padà wá, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti U.C.H. ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, òun ni ó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ̀nù níbẹ̀. Ó kú ní 1992. A dárúkọ rẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ wa kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Iṣẹ́ orí àti ọkàn ni, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́.

Báwo wá ni a ti ń wọn ìwúwo aláìsàn? Ní nǹkan bí ọdún 1960, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, àwọn kan jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wo iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń kọ àkókò tí ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ó lè tọ́jú ara rẹ̀, ẹni tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, àti ẹni tí ohun gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n rí i pé kì í ṣe iye àwọn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù ni ó ń sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò ti pọ̀ tó, bí kò ṣe iye àwọn tí ó wà ní ọ̀nà kẹta. Ohun tí ọmọbìnrin wa sọ fún wa ní òru ọjọ́ náà gan-an nìyí, láìka ìwé ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà wá ni onírúurú òṣùwọ̀n ti jáde. Nínú èyí tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele márùn-ún ni a pín àwọn aláìsàn àgbà sí, olúkúlùkù ìpele sì ní nọ́mbà tirẹ̀. Bí ó ti wà ní nǹkan bí ọdún 2013, ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò ju ti wọ́ọ̀dù lásán lọ gba 0.99. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń gbóná, tí ó lè yí padà sí búburú nígbàkígbà, gba 1.39. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tí kò lè jẹun, tí kò lè wẹ̀, tí kò lè dìde láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn, gba 1.72. Ẹni tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ibi ìṣọ́ra pàtàkì gba 1.97, ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí gba 5.96. Wọ́n ti tún òṣùwọ̀n náà ṣe láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò yí padà. A ń ka àwọn aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ léraléra, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán lọ́dún. A ń sọ iye àwọn tí ó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́mbà rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ni iye nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí a gbọ́dọ̀ gbà sí iṣẹ́ fún wọ́ọ̀dù náà, tọ̀sán tòru, tí a ti ro ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ àìsàn tiwọn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú síléètì yín kí ẹ ṣe ìṣirò yìí. Wọ́ọ̀dù kan ní aláìsàn 20, gbogbo wọn sì wà ní ìpele ìsàlẹ̀. 20 lọ́nà 0.99 jẹ́ 19.8, nítorí náà ènìyàn 20 ni a ó gbà. Wọ́ọ̀dù kejì ní aláìsàn 20 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n 4 wà ní ìpele ìsàlẹ̀, 4 jẹ́ àwọn tí àìsàn wọn ń gbóná, 12 sì jẹ́ àwọn tí kò lè dá ohunkóhun ṣe fún ara wọn. 4 lọ́nà 0.99 jẹ́ 3.96; 4 lọ́nà 1.39 jẹ́ 5.56, 12 lọ́nà 1.72 jẹ́ 20.64. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30.16. Iye bẹ́ẹ̀dì kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kejì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó fi 10 ju ti èkíní lọ. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní 20, a ti ṣe ohun tí ó dọ́gba, a kò sì ṣe ohun tí ó tọ́.

Ẹ tún wo ohun kan nínú àwọn nọ́mbà wọ̀nyí tí ó ya àwa náà lẹ́nu. Ẹni tí kò lè dìde gba nọ́mbà tí ó ju ti ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń gbóná lọ. Nínú èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tí ó sún mọ́ ikú ni ó ń gba iṣẹ́. Arúgbó tí ó dùbúlẹ̀ láìké, láìgbin, a rò pé kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tọ́jú ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nílé fún oṣù mẹ́ta mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí a ń fi ṣíbí bọ́ ọ lẹ́nu, aṣọ tí a ń pààrọ̀, ara tí a ń nù, ẹsẹ̀ tí a ń nà: ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń jẹ, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òṣùwọ̀n yìí ti fún irú iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iyì nínú ìwé.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń pariwo lé? Ní ọdún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wo àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, wọ́n sì rí i pé fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan, ewu pé aláìsàn yóò kú láàárín ọjọ́ 30 ń fi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Bákan náà ni ewu pé iṣẹ́ yóò sú nọ́ọ̀sì náà pátápátá ń fi ìdá 23 nínú 100 pọ̀ sí i. Ní 2014 wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, ìdá 7 náà ni wọ́n tún bá. Nítorí náà, aláìsàn kan tí a fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun kékeré. Ẹnì kan ní ibì kan ni yóò san án.

Àwọn ìjọba kan ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní 1999, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, pé nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ ní ju aláìsàn 2 lọ níbi ìṣọ́ra pàtàkì. Láti 2005, kò gbọdọ̀ ju 5 lọ ní wọ́ọ̀dù lásán. Òfin náà kò dúró lórí iye nìkan. Ó ní kí ilé ìwòsàn tún wọn ìwúwo àìsàn, kí ó sì fi nọ́ọ̀sì kún un nígbà tí ó bá yẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìròyìn tí Robert Francis gbé jáde ní 2013 nípa ìyà tí ó jẹ àwọn aláìsàn ní Mid Staffordshire, ìlànà ìjọba ní 2014 kìlọ̀ pé ewu ń pọ̀ sí i bí nọ́ọ̀sì kan bá ń tọ́jú ju aláìsàn 8 lọ ní ọ̀sán. Ilẹ̀ Wales sì sọ ọ́ di òfin ní 2016.

Nígbà tí a ka 8 yìí, a rántí 23, a sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé. A kò lè gbé òṣùwọ̀n àwọn ẹlòmíràn wá sí Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ẹ̀pẹ́ kí a sì lò ó bí ó ti rí, nítorí wọ́ọ̀dù wa kò rí bí tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìyàwó ni ó ń wẹ ọkọ rẹ̀. Ọmọ ni ó ń fi ẹ̀kọ bọ́ ìyá rẹ̀. Àbúrò ni ó ń sáré lọ ra oògùn àti abẹ́rẹ́ ní ìta. Ohun rere ni èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó parẹ́ láàárín wa. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹbí ń gbé ẹrù yìí, a kò rí i nínú ìwé, nígbà tí a bá sì gba aláìsàn tí kò ní ẹnìkan wọlé, àlejò tí ọkọ̀ gbá ní ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun, gbogbo ẹrù náà já lé nọ́ọ̀sì lórí lójijì. Nítorí náà bí a bá fẹ́ ṣe òṣùwọ̀n tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ ni: ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀? Ìbéèrè kejì ni: kí ni nọ́ọ̀sì ń ṣe tí kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? A ti rí wọn tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ iná, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá iṣan. Gbogbo èyí ń jẹ àkókò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀nà kan tí ó tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ jáde ní 2010, nínú èyí tí a ń ka iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe ní tòótọ́ dípò bẹ́ẹ̀dì. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá ipò wa mu.

Àtakò kan wà tí a ń gbọ́ nígbà gbogbo, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, “Àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ tán. Kí ni a ń wọn ẹrù fún nígbà tí kò sí ẹni tí yóò gbé e?” Òtítọ́ ni pé wọ́n ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa ṣe ìlànà pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde láti fi ìbínú wọn hàn. Ní òpin oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje, tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀; lára ohun tí wọ́n béèrè ni owó iṣẹ́ òru àti gbígba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n nítorí pé nọ́ọ̀sì kò tó gan-an ni òṣùwọ̀n fi di dandan. Ẹni tí oúnjẹ pọ̀ nínú àká rẹ̀ lè bù ú láìwọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ kéré ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n. Bí wọ́ọ̀dù méjì bá wà tí ọ̀kan rọ̀ tí èkejì le, òṣùwọ̀n ni yóò sọ fún ọ̀gá pé kí ó mú ẹnìkan láti ibí lọ sí ọ̀hún ní òru yìí. Òun ni yóò sọ nígbà tí kò yẹ kí a tún gba aláìsàn mìíràn sí ibì kan. Òun ni yóò jẹ́ ẹ̀rí níwájú ìjọba, nítorí ìkérora kì í wọ inú ìwé ìnáwó, nọ́mbà ni ó ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ibi bá sì ṣẹlẹ̀, òun ni yóò fi hàn bóyá nọ́ọ̀sì ṣe àìbìkítà ni, tàbí ẹrù tí a gbé lé e ju agbára ènìyàn lọ.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ìwé ni a tún fẹ́ fi kún iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rù yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rere kì í gùn. Láti ọdún 1953 tí Virginia Apgar ti tẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde ni àwọn agbẹ̀bí káàkiri ayé ti ń wo ohun márùn-ún lára ọmọ tuntun, tí wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2, tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ilẹ̀ wa pàápàá, láti nǹkan bí 1956, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ ní Imẹ̀sí-Ilé, níbi tí a ti ń fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ kékeré lórí ìwé kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì tàn káàkiri ayé. Ẹ wo ilé iṣẹ́ mànàmáná tí ó wà ní Ẹgbin, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa: ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni ó ní, tí a ṣe kí wọ́n lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn yí fún wákàtí kan láìsí aago tí ń fi ẹrù orí rẹ̀ hàn. Ṣé ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ju ọmọbìnrin tí ń ṣọ́ wa ní òru lọ?

A kò sọ pé òṣùwọ̀n tó fún ohun gbogbo. Nọ́mbà kò lè rí ìbẹ̀rù ní ojú aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tí a yàn jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ jáde ní oṣù tí ó kọjá. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lágbára ju ti ìwé lọ nígbà tí àwọn méjèèjì bá ta kora. A sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ìwé tí a dá sílẹ̀ láti ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ má di pàṣán tí a ó fi nà án.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, kí ó béèrè pé kí a máa kọ ìlà mẹ́ta kún ìròyìn ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan: àwọn tí ó lè ṣe fún ara wọn mélòó, àwọn tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mélòó, àwọn tí ohun gbogbo wọn wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì mélòó, kí a sì fi kún un, mélòó nínú wọn ni kò ní ẹbí. Bí ẹ bá ní ẹni yín ní wọ́ọ̀dù, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín kí ó má ṣe wà láìní ẹnìkan. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí ẹ lè ṣe àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá pe nọ́ọ̀sì tí kò sì tètè dé, ẹ wo ibi tí ó wà kí ẹ tó bínú. Ẹ̀yin ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin tí ẹ ń ronú àtiṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ohun tí a sọ bà yín lẹ́rù. Ẹ kọ́ ìṣirò yín dáradára, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ó fi ṣe òṣùwọ̀n tí àwọn tí ó ṣáájú yín kò ní. Àti ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀, ẹ fún wọn ní wọ́ọ̀dù 20 wa yìí ṣe. Lára wọn ni ẹni tí yóò ṣọ́ wa ní ọjọ́ ogbó wa yóò ti jáde.